Ẹni Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Olórúkọ

Obìnrin náà kò tíì dé igun òpópónà tí Dókítà ti ṣí fóònù rẹ̀.

Kò ní láti já nǹkan kan. Obìnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe nọ́ńbà tó fi ń ṣí i. Dókítà kọ nọ́ńbà náà sórí bébà pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, bí àwọn atúnfóònù-ṣe ti máa ń ṣe, kí wọ́n lè dán iṣẹ́ wò bí wọ́n bá parí. Síìmù ṣì wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ rọ́bà tí wọ́n fi wọ̀ ọ́. Káàdì báǹkì kan jábọ́ sórí tábìlì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi káàdì há ẹ̀yìn fóònù. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó rọ Dókítà náà lọ́rùn.

Dókítà kì í ṣe oníṣègùn. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé fóònù tí gbogbo ènìyàn bá ti pa tì, bó bá dé ọwọ́ rẹ̀, á jí. Iṣẹ́ náà ń bọ́ ọ. Kò ka bíbọ́ yẹn sí nǹkan kan.

Obìnrin tó gbé fóònù wá yìí ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Mọ́mì Bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ àgbà lẹ́nu. Ojú fóònù rẹ̀ ló fọ́.

“Dókítà, ẹ má pa á fún mi o,” ló wí kó tó lọ. “Gbogbo ayé mi ló wà nínú ẹ̀.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi. Ọwọ́ Dókítà lẹ fi sí.”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwòrán káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀. Dókítà da gbogbo rẹ̀ kọ, ti káàdì báǹkì náà pẹ̀lú, ó sì dá káàdì náà padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ó fi orúkọ obìnrin náà kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fún òun ní káàdì àwìn. Báǹkì fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí fóònù Mọ́mì Bọ́ọ̀sì láti mọ̀ bóyá òun ni lóòótọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ Dókítà. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ó wá mú irin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú tó fọ́.

Kó tó fi ojú tuntun sí i tán, Mọ́mì Bọ́ọ̀sì ti di méjì láyé. Ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì. Ọ̀kan ń jẹ àwìn kiri.

Nígbà tó padà wá gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. “Ó tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!” Ó dúpẹ́. Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Dókítà ṣe Àmín.

*

Ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ òkùnkùn yìí ni wọ́n ń pè ní Dígí. Dígí dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú yàrá. Yàrá rẹ̀ ni àwọn káàdì olè ń gbà wọlé, òun àti Dókítà á sì pín wọn. Mọ́mì Bọ́ọ̀sì kọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn kan wà ṣáájú rẹ̀.

Aránbàtà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Pákó pẹlẹbẹ kan ló là wọ́n láàárín. Àgbàlagbà ni, onígbàgbọ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó ti pe Dókítà wá sí ilé Ọlọ́run títí, Dókítà kò lọ.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe,” ni Dókítà wí fún un ní ọjọ́ kan. “Ọlọ́run kì í ṣe oníbàárà mi.”

“Òótọ́ ni,” ni aránbàtà dáhùn. “Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó tan rédíò kí ohùn bàbá náà má bàa wọlé mọ́.

Ìyàwó Dókítà ń fọṣọ fún àwọn ènìyàn. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ náà, àárín ìka rẹ̀ ti là, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á kán sínú omi funfun. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ẹ̀rọ ìfọṣọ kan nínú ilé ìtajà ńlá. Kò béèrè. Ó kàn ń wò ó ni.

Nígbà tí káàdì dé, Dókítà gbé e lé e lọ́wọ́. “Lọ ra ẹ̀rọ ẹ. Èyí tó bá wù ọ́.”

Obìnrin náà yí káàdì náà padà. “Orúkọ obìnrin wo ló wà lára ẹ̀ yìí?”

“Akápò ẹgbẹ́ wa ni. Ẹgbẹ́ ló ń yá wa lò. Díẹ̀díẹ̀ ni màá máa dá a padà.”

“Ṣé kò ní dọ̀rọ̀?”

“Ìwọ náà! Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí?”

Ó ti ń purọ́ fún un láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Obìnrin náà kò mọ̀. Ó ní, “Rárá o,” ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

*

Kí a padà sọ́dọ̀ Mọ́mì Bọ́ọ̀sì.

Ó ti kó àwọn ọmọ dé ilé-ìwé tán, ó ń gbá inú bọ́ọ̀sì, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lórúkọ báǹkì. Wọ́n kí i kú oríire káàdì tuntun. Wọ́n ní bí ó bá ní ìbéèrè, kó pe nọ́ńbà kan báyìí.

Kò gba káàdì kankan. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ, ó ronú. Ẹni tó bá fẹ́ jí nǹkan rẹ̀ náà lè kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́. Nítorí náà kò pe nọ́ńbà inú àtẹ̀jíṣẹ́. Ó mú káàdì tirẹ̀ gan-an jáde, ó yí i padà, ó pe nọ́ńbà tí báǹkì tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ ní sùúrù, màámi, a ó yẹ̀ ẹ́ wò,” ni òṣìṣẹ́ báǹkì wí.

“Sùúrù kẹ̀? Ẹnì kan ń fi orúkọ mi rìn nígboro, ẹ ní kí n ní sùúrù! Ẹ dí káàdì yẹn pa. Ẹ dí i báyìí, kí n máa gbọ́.”

Wọ́n dí i. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti fi ẹjọ́ sùn, kí wọ́n sì fún òun ní ẹ̀rí rẹ̀. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ó pààrọ̀ gbogbo nọ́ńbà àṣírí tó ní. Ó pe àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè aráàlú pé kí wọ́n ti orúkọ òun pa, kí ẹnikẹ́ni má fi jẹ gbèsè mọ́. Nígbà tí agogo ilé-ìwé lù, ó ti wà lórí ìjókòó awakọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ní kó má jẹ́ kí aráyé gbọ́, pé ìtìjú ni. Ó ní, “Ìtìjú ta ni? Èmi ni wọ́n jà lólè. Kí olè lọ máa tijú.”

*

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó Dókítà lọ sí ilé ìtajà. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ náà sórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù fún un. Ó fi ọwọ́ pa á lára. Ó na káàdì sí ọmọbìnrin tó ń gba owó.

Ọmọbìnrin náà ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó tún un kì. Ó gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀ṣọ́ sì dé.

“Màdáámù, ta ló ni káàdì yìí?”

“Ti ẹgbẹ́ ọkọ mi ni.”

“Ẹgbẹ́ olè?” Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dì í lápá mú gba àárín àwọn ènìyàn kọjá. Ẹ̀rọ náà dúró sórí kẹ̀kẹ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n bi í ẹni tó fún un ní káàdì. Ó ní ọkọ òun ni. Wọ́n ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní, “Ẹ pè é. Á ṣàlàyé fún yín. Ọkọ mi kì í purọ́ fún mi.” Ọlọ́pàá pe nọ́ńbà Dókítà, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

“Ìyàwó yín wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú káàdì olè,” ni ọlọ́pàá wí. “Ó ní ẹ̀yin lẹ fún òun.”

Ohùn Dókítà jáde látinú fóònù. Ó ní, “Èmi? Mi ò fún un ní káàdì kankan o. Mi ò mọ ibi tó ti rí i.”

Obìnrin náà gbọ́ ọ.

Ọlọ́pàá yíjú sí i. “O gbọ́ ọkọ ẹ? Yí ọ̀rọ̀ ẹ padà.”

“Mi ò yí i,” ló wí. “Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ọkọ mi ló fún mi.” Ó ká ọwọ́ rẹ̀ tó là yẹn lé itan.

*

Dókítà fi fóònù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Ó fẹ́ sá.

“Mo gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá wí nípa ìyàwó ẹ, mo sì gbọ́ ohun tí o sọ.” Aránbàtà ni, lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má dá sí i.”

“Mo ti dá sí i. Pákó yìí ò nípọn.”

“Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹni tí kò ṣẹ̀ ń jìyà fún ẹni tó ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an nìyẹn.”

Dókítà dáwọ́ dúró.

“Jésù Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ,” ni bàbá náà wí. “Ó jẹ́ kí wọ́n ka gbèsè ẹ sí orúkọ òun. Wọ́n kàn án mọ́ igi nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ta ló bi í bóyá ó fẹ́?”

“Tí mo bá lọ, wọ́n á tì mí mọ́lé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ò tiẹ̀ tù mí nínú, Bàbá.”

“Mi ò wá tù ẹ́ nínú. Ilé ń jó, ò ń sùn. Mo wá jí ẹ.”

Dókítà jókòó sórí àpótí. Gbogbo fóònù tó wà lórí tábìlì, ojú wọn dúdú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wò ó. Ó ní, “Kì í ṣe ti òní nìkan, Bàbá. Ó pọ̀. Ṣé Ọlọ́run tún lè gba irú mi?”

“Irú ẹ ló ń gbà. Àwọn yòókù ní àwọn ò ṣẹ̀.”

Nígbà náà ni Dókítà kúnlẹ̀ láàárín ìdọ̀tí wáyà. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní, “Jésù, olè ni mí. Orúkọ ara mi ni mo fi ń sọ ọ́.” Ó wá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tí kò pè sókè fún ẹnikẹ́ni tipẹ́. “Ẹ̀yin lẹ mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ ṣàánú mi. Ẹ fún mi lẹ́sẹ̀ tí màá fi débẹ̀.”

Ó dìde. Ó fi àpò irinṣẹ́ sílẹ̀.

*

Dígí pàdé rẹ̀ nítòsí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnì kan ti sọ fún un pé wọ́n mú ìyàwó Dókítà.

“Níbo lò ń lọ?”

“Ibi tí o rò yẹn.”

“Ṣé orí ẹ pé? Obìnrin ni. Kò ṣẹ̀ rí. Wọ́n á bá a wí, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ìwọ, ẹ̀wọ̀n ni.”

“Mo mọ̀.”

“O fẹ́ lọ dárúkọ mi?”

“Tèmi ni màá kọ́kọ́ dá. Tìẹ á tẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ sá, ilẹ̀ ṣì mọ́.”

Dígí bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ojú kékeré lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. “Màá bà ọ́ lójú jẹ́ ní gbogbo ìlú yìí.”

“Ojú mi ti bàjẹ́. Wá nǹkan mìíràn bà jẹ́.”

“Ta ló ń kì ọ́ láyà?”

“Jésù ni.”

Dígí rẹ́rìn-ín. Dókítà kò dúró gbọ́ ẹ̀rín náà parí. Ó gun àtẹ̀gùn, ó wọlé, ó dúró níwájú tábìlì ọlọ́pàá.

“Èmi ni mo fún un ní káàdì. Èmi ni mo jí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ó tún ku àwọn mìíràn. Ẹ mú bírò.”

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tábìlì. Ó wò ó.

“O mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́?”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀, o sì sọ ọ́.”

Wọ́n ní kí obìnrin náà máa lọ. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mọ́mì Bọ́ọ̀sì. Ó dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ó wo Dókítà láti òkè délẹ̀.

“Ṣé ìwọ ni èmi?”

Ọlọ́pàá kan kò lè ṣe é kó má rẹ́rìn-ín.

“Mo ṣàdúrà fún ẹ,” ló wí. “Lójú ẹ. O ṣe Àmín.”

“Ẹ jọ̀ọ́, màámi. Mo ṣẹ̀ yín. Mi ò ní kí ẹ má pẹjọ́.”

“Ìwọ kọ́ lo máa sọ fún mi kí n pẹjọ́ tàbí kí n má pẹjọ́.” Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sápò. “Mo dárí jì ọ́. Ẹjọ́ yẹn, a ó rò ó dé òpin.”

Wọ́n rò ó dé òpin. Dókítà lọ sẹ́wọ̀n. Dígí sá, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Aránbàtà ń lọ wo Dókítà, ó ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún un láti ẹ̀yìn irin. Ìyàwó rẹ̀ kò lọ. Ó pẹ́. Ní ọjọ́ kan ó lọ, ó mú ọṣẹ dání fún un, wọ́n jọ jókòó. Ó ti dárí jì í. Kò gbàgbé. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

*

Dókítà ti jáde báyìí. Ó ta gbogbo ohun tó ní láti fi dá nǹkan olóhun padà. Ó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì, lábẹ́ agboòrùn, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí ọwọ́ rẹ̀.

Kì í gba fóònù tí síìmù bá wà nínú rẹ̀. “Ẹ yọ ọ́, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ.” Bí káàdì bá há sẹ́yìn fóònù, á dá a padà fún ẹni tó ni ín, á sì bá a wí. Kì í béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Á ní kí wọ́n jókòó, bí òun bá parí kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí i. Ó ń sọ fún wọn kí wọ́n pa àwòrán káàdì wọn rẹ́. Ó ní nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́, kò sí ẹni tí wọ́n gbọdọ̀ kà á fún, bí ẹni náà tilẹ̀ ní òun ni báǹkì. Ó ní bí ẹnì kan bá jí orúkọ wọn lò, kí wọ́n ṣe bí Mọ́mì Bọ́ọ̀sì ti ṣe, kí wọ́n má sì dúró di ọ̀la.

Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Olè àná ló ń kọ́ wa lọ́gbọ́n!”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” á ní. “Olè ló mọ ibi tí olè ń gbà wọlé.”

Wọ́n bú u títí, kò sá kúrò níbẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ìwọ ńkọ́?

Bóyá ìwọ náà ń jẹ nínú orúkọ ẹlòmíràn. O mọ ara rẹ. Nǹkan tí o jí wà nínú àpò rẹ bí o ti ń kà á yìí. Dá a padà. Lọ sọ ọ́. Má jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni jókòó sórí bẹ́ǹṣì tìrẹ.

Bóyá o ní o kò jí káàdì rí. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè ọ́ ní ọkọ rere, aya rere, oníṣẹ́ òtítọ́, ìwọ náà sì ń dáhùn. Ṣé tìrẹ ni orúkọ wọ̀nyẹn? Ọlọ́run kò ní bi aládùúgbò rẹ. Á pè ọ́ ní orúkọ tí ìwọ gan-an ń jẹ́, o ó sì dáhùn.

Sátánì á ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Má bá a jiyàn. Sọ fún un pé o mọ̀, pé ìdí tí o fi ń lọ nìyẹn. Á ní aráyé á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kú fún ọ.

Jésù kú fún ọ. Gbogbo gbèsè rẹ ló gbà sórí orúkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi jìbìtì gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, pe orúkọ ara rẹ, sọ òtítọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ ṣe èyí tó yẹ kí o ṣe. Ó máa dùn ọ́. Lọ ṣe é.

Ní ti ìyàwó Dókítà, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìtajà ńlá náà, láàárín ti àwọn tí ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti lọ bẹ̀ wọ́n, ọlọ́pàá ti kọ̀wé sí wọn. Wọn kò tíì yọ ọ́.